Ewé Tàbí Hóró Oògùn: Ta Ni Yóò Dáhùn Fún Un?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn obìnrin kì í fẹ́ sọ síta, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń gbé wá bá àwa tí a ń kọ́ni ní ilé kéwú bí oṣù Ràmàdáànì bá ti ń súnmọ́lé, tàbí nígbà tí àwọn tí ó ń lọ sí Mẹ́kà bá ti ń di ẹrù wọn. Wọ́n á bi wá bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí obìnrin lo ohun tí yóò dá nǹkan oṣù dúró fún ìgbà díẹ̀, kí ó lè gba ààwẹ̀ rẹ̀ pé, tàbí kí ó lè yí Káábà po láìsí ìdíwọ́. Bí a bá sì ti dáhùn èyí tán, èkejì ni yóò tẹ̀ lé e: ṣé ti ewé ni kí a lò ni, àbí ti òyìnbó? Ìbéèrè kejì yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí a ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti dá ẹjọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Àwọn kan gbà pé Ọlọ́hun ni ó dá ewé àti egbò, nítorí náà kò lè pa ènìyàn lára. Hóró oògùn ní tirẹ̀, májèlé òyìnbó ni. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti dé yunifásítì, ka àgbo sí ìwà òpè. Ohun tí wọ́n bá ti rí nínú páálí, wọ́n á gbé e mì. Lójú tiwa, ohun kan náà ni ìhà méjèèjì ń ṣe. Ibi tí nǹkan ti wá ni wọ́n fi ń dá a lẹ́jọ́, wọn kò bèèrè ohun tí ó ń ṣe nínú ara.

Ẹ jẹ́ kí a mú oògùn tí àwọn dókítà sábà máa ń kọ fún obìnrin tí ó ń lọ sí Hájì. Norethisterone ni orúkọ rẹ̀. Ó ń ṣe bí progesterone, ọ̀kan nínú àwọn họ́mọ́nù tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń pèsè. Họ́mọ́nù dà bí ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan rán sínú ẹ̀jẹ̀ kí ó lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀yà mìíràn. Níwọ̀n ìgbà tí ìránṣẹ́ yìí bá wà nínú ẹ̀jẹ̀, awọ inú ilé ọmọ yóò dúró. Bí ó bá lọ sílẹ̀, awọ náà yóò já, òun sì ni nǹkan oṣù. Níbo wá ni òyìnbó ti rí oògùn yìí? Nínú iṣu ni! Ní nǹkan bí 1942, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Russell Marker, wá irú iṣu igbó kan lọ sí agbègbè Veracruz ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ìbátan iṣu tí àwa ń gún níyán. Ó yọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní diosgenin lára rẹ̀, ó sì sọ ọ́ di progesterone. Ní 1944 òun àti àwọn mìíràn dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀ ní Mexico City. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 26 kan, Luis Miramontes, ti ṣe norethisterone ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1951, lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Carl Djerassi àti George Rosenkranz. Ẹni tí ó ń sá fún hóró oògùn nítorí pé kì í ṣe ewé, iṣu ni ó ń sá fún.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí lọ máa fi iṣu wo àìsàn obìnrin. Àwọn kan ń ta ìpara iṣu igbó káàkiri ayé, wọ́n ní yóò di họ́mọ́nù nínú ara. Irọ́ ni. Inú ìgò àwọn onímọ̀ ni iṣu ti di progesterone. Ikùn ènìyàn kò ní agbára iṣẹ́ yẹn. (Àwọn ará Ìgbò-Ọrà ń sọ pé àmàlà àti ọbẹ̀ ilasa ni ó ń fún wọn ní ìbejì. A kò bá wọn jà, ọbẹ̀ náà dùn.)

Kí àwọn ọ̀rẹ́ hóró oògùn náà má tíì yọ̀. Oògùn kan wà tí ó ń jẹ́ Premarin, tí Amẹ́ríkà gbà láàyè ní 1942 fún àwọn ìyá tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, tí ara wọn ń gbóná lójijì, tí wọn kì í sì í rí oorun sùn. Inú ìtọ̀ abo ẹṣin tí ó lóyún ni wọ́n ti ń yọ họ́mọ́nù rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka fíkíhì dé orí nájíìsì ti rí ìbéèrè níbẹ̀; ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Bí a bá ń wá ohun tí ó ti inú ẹ̀dá Ọlọ́hun jáde, èyí gan-an ni. Nígbà tí ó yá, àwọn dókítà ń sọ pé yóò dáàbò bo ọkàn. Wọ́n wá kó obìnrin 16,608 jọ ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún apá kan ní oògùn náà pẹ̀lú họ́mọ́nù kejì, wọ́n fún apá kejì ní hóró tí kò ní nǹkan nínú. Ní oṣù keje 2002, wọ́n dá ìdánwò náà dúró kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Nínú 10,000 obìnrin tí ó lò ó fún ọdún kan, jẹjẹrẹ ọmú fi ènìyàn 8 pọ̀ sí i, rọpárọsẹ̀ náà fi 8 pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí egungun ìbàdí wọn ṣẹ́ fi 5 dín. Ẹ̀rù ba ayé, ọ̀pọ̀ obìnrin sọ tiwọn nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ìṣirò náà yẹ̀ wò, tí wọ́n rí i pé obìnrin tí kò tíì pé 60 ọdún, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ewu tirẹ̀ kéré, àǹfààní rẹ̀ sì lè ju ewu lọ.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti stilbestrol, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1938. Àwọn dókítà ń fún àwọn aboyún kí oyún wọn má baà wálẹ̀. Ní 1971 ni àwọn dókítà ní Boston fi hàn pé àwọn ọmọbìnrin tí ìyá wọn lo oògùn náà nígbà oyún ni jẹjẹrẹ kan tí ó ṣọ̀wọ́n ń mú ní ojú ara, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bàlágà. Ìyá ni ó gbé oògùn mì, ọmọ ni ó jẹ ẹ̀rù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àṣìṣe wọ̀nyí di mímọ̀ nítorí pé ẹnìkan kọ ohun tí a lò sílẹ̀, ẹlòmíràn sì padà wá ka àwọn tí ó ṣàìsàn. Ta ni ó ń ka tiwa? Ìyá alágbo ń bu àgbo sínú ife, ife òní kò dọ́gba pẹ̀lú ti àná. Bí ó bá bù ú fún obìnrin 20, tí 17 padà wá dúpẹ́, ta ni ó wá àwọn 3 yòókù lọ sílé? A kò sọ èyí láti fi tẹ́ńbẹ́lú ìmọ̀ àwọn baba wa. Obìnrin ará Ṣáínà nì, Tu Youyou, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015 nítorí oògùn ibà tí ó yọ láti ara ewé kan tí ìwé àtijọ́ ilẹ̀ wọn dárúkọ. Ṣùgbọ́n ó dán an wò títí ó fi mọ̀ pé bí a bá sè é, agbára rẹ̀ ń lọ. Ewé tí ó bá lè ti nǹkan oṣù sẹ́yìn, kì í ṣe omi lásán. Ó ti wọ inú iṣẹ́ họ́mọ́nù nìyẹn, ó sì lè ṣe ibi tí ó bá ṣe rere. Àwọn igò àgbo tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC lára pàápàá, àwọn ará wa ń ka nọ́ńbà, wọn kì í ka gbólóhùn tí ó wà lára wọn pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olùṣe rẹ̀ ń sọ wò.

Àwọn tí ó ti ka hádíìsì lọ́dọ̀ wa mọ ọ̀kan tí Abú Dáwúdà gbà wá, pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwòsàn, tí a kò sì mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ náà, òun ni yóò dáhùn fún ohun tí ó bá bàjẹ́. Kò ya ewé sọ́tọ̀, kò ya hóró sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ìyá alágbo, ó kan ọmọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tí ó ń já hóró mẹ́wàá mẹ́wàá fún ẹni tí kò yẹ̀ wò, ó sì kan àwa aáfà tí a bá ń kọ ewé fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá lára rẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ, ọsibítù ni ọ̀nà rẹ̀.

Ó kan àwọn ọkọ pẹ̀lú. Àwọn kan ń fi ipá mú ìyàwó wọn lo nǹkan nínú Ràmàdáànì nítorí pé wọn kò fẹ́ kí ó san ààwẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún. Ta ni ó rán wọn? Ìyá wa Áíṣà sọ fún wa pé wọ́n pa á láṣẹ fún àwọn láti san ààwẹ̀ padà, wọn kò sì pàṣẹ kí wọ́n san ìrun. Ìrọ̀rùn ti wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ òde òní gbà á láàyè kí obìnrin lo oògùn bí kò bá ní pa á lára, ṣùgbọ́n àyè ni wọ́n fún un, ọ̀ranyàn kọ́. Ara rẹ̀ ni, òun ni yóò sọ bóyá òun fẹ́.

Ti Hájì yàtọ̀ díẹ̀. Òpó ni tàwáàfù ifáádà, ọkọ̀ òfurufú kì í sì í dúró de ẹnìkan, nítorí náà obìnrin tí ó bá wá oògùn sí i kò ṣe àṣejù. Kí ó rí dókítà ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú. Kí ó sọ bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dì nínú iṣan rẹ̀ rí, tàbí bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò bá dára, tàbí bí ó bá lè jẹ́ pé ó ti lóyún. Kí ó sì dárúkọ àgbo tí ó ń mu, kí ojú má tì í. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ó ń retí nǹkan oṣù ni wọ́n sábà máa ń ní kí ó bẹ̀rẹ̀ norethisterone, bí ó bá sì dá a dúró, ẹ̀jẹ̀ yóò dé láàrin ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nítorí náà kí ó má tètè jáwọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá dé lẹ́yìn tàwáàfù ifáádà, tí ó ku ti ìdágbére nìkan, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti gbé èyí kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ó máa bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí Jẹ́dà.