Fífi Iṣẹ́ Sílẹ̀ Láìdágbére: Ta Ni À Ń Jẹ Ní Gbèsè?

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí a jọ ń wá oúnjẹ òòjọ́ ní ìlú Kánò yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń gbé wá síwájú wa nínú ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, tí a máa ń parí lójú ẹsẹ̀ láìjókòó rò ó. Òun ni ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tó gba owó oṣù lọ́jọ́ Ẹtì, tí ọ̀gá rẹ̀ kò sì fojú kàn án mọ́ láti ọjọ́ Ajé. Kò kọ̀wé, kò dágbére. Bí wọ́n bá pe fóònù rẹ̀, ó ti pa á.

Àwọn ọ̀gá a ní aláìmoore ni. Àwọn ọ̀dọ́ a ní kí ló burú níbẹ̀, ṣebí ọ̀gá náà lè lé ènìyàn lójijì. Lójú tiwa, ìhà méjèèjì ló ń yára jù.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin. Abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ pé ẹni tí kò tíì lò ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ 1 péré ni yóò fi sọ tẹ́lẹ̀. Bó bá ti ju oṣù 3 lọ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 1 ni. Láti ọdún 2 títí di ìgbà tí ọdún 5 yóò fi pé, ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tó ti lo ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 1. Nótíìsì tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, kíkọ ni a ń kọ ọ́. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ni òfin yìí ń bá wí. Àwọn olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti àwọn irú wọn, ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn wọn ni wọn yóò tẹ̀ lé. Bí òfin náà ṣe de òṣìṣẹ́ ló ṣe de ọ̀gá.

Òfin kan náà kò sì gba ẹ̀tọ́ ẹni tí ìkejì rẹ̀ ti ba àdéhùn jẹ́ pátápátá. Nítorí náà, ọ̀gá tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta, tó wá ń pariwo pé ó lọ láìdágbére, ta ló kọ́kọ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? Àwa kò ní bá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ dá sí i.

A mọ ibi tí ìbínú àwọn ọ̀dọ́ ti wá. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ńláńlá ní Kàdúná ń ti ilẹ̀kùn, òmíràn ní 2002, òmíràn ní 2007, àwọn tó ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró ṣinṣin wà nínú àwọn tó ń sáré kiri fún owó ẹ̀tọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ tó rí ohun tí ojú bàbá rẹ̀ rí, ẹ má fi ìwàásù ìṣòtítọ́ lásán dí i létí.

Ṣùgbọ́n nótíìsì kì í ṣe ẹ̀bùn tí a ń fún ọ̀gá nítorí pé ó ṣe wá lóore. Ẹ wo ẹni tí ìyà náà ń jẹ gan-an. Olùkọ́ ìṣirò tó pòórá nígbà tí ìdánwò JSS 3 ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé oní-ilé-ìwé ni yóò jókòó ṣe ìdánwò náà? Ọdẹ tó sá lóru, ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò ṣọ́nà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tí yóò tún ṣọ́ ọ̀sán. Ní àárín àwa tí a wà lẹ́yìn odi, onídùúró tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ní Sabon Gari, ẹnì kan ló mú wa wọlé tó ní, “Ọmọ ìlú wa ni, mo mọ ilé wọn.” Nígbà tí ọmọ náà bá lọ, onídùúró kò lè lọ. Òun ni wọn yóò pè, ọmọ mìíràn tó bá sì tún mú wá, wọn kò ní gbà á.

Ìdí kan wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ sọ síta: ẹ̀rù ayé. Wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ pé wọ́n ríṣẹ́ tó sàn jù, kí ọ̀nà má baà dí. A kò fi èyí rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀gá kan náà wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gba ìwé, ọjọ́ náà ni wọn yóò lé ènìyàn, tí wọn yóò sì gbẹ́sẹ̀ lé owó rẹ̀. Àmọ́ ìwé náà kò bèèrè ibi tí à ń lọ. Ọjọ́ tí a ó lọ nìkan ló ń bèèrè.

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́ náà, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ojúlówó sátífíkéètì òṣìṣẹ́ pamọ́ kí ó má baà lọ, ìwọ̀fà ni ẹ sọ ọ́ dà yẹn, ìwọ̀fà ayé àtijọ́ sì tilẹ̀ mọ iye owó tí òun yóò san kí òun tó bọ́. Ẹni tí ẹ dè mọ́lẹ̀, òru ni yóò lọ.

Ó ku ti ọ̀gá tuntun tó ní dandan ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ẹ bi í bóyá yóò san owó ọ̀sẹ̀ méjì náà dípò nótíìsì. Bí ọ̀gá àtijọ́ bá ti gbà á, òfin fàyè sílẹ̀ fún un, àwọn mìíràn sì máa ń san án bí a bá bi wọ́n.