Oríta Kì í Ṣe Ibùgbé



Ní Orè ni ọ̀nà Èkó, ti Bìní àti ti Oǹdó gbé pàdé; kò sí awakọ̀ tí ó lè tọ ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lórí Òkè Kámẹ́lì, níwájú 450 wòlíì Báálì, ní irú oríta bẹ́ẹ̀ ni Èlíjà bá Ísírẹ́lì: wọ́n fẹ́ Olúwa, wọn kò sì fẹ́ fi Báálì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó gbé rósárì kọ́ iwájú ọkọ̀, tí ó tún fi òǹdè pamọ́ sábẹ́ ìjókòó. Ìbẹ̀rù ewu ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù yan ọlọ́run mìíràn fún yín. Ẹ kó òǹdè dànù, ẹ wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àmín.