ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: TA NI YÓÒ SAN OWÓ ÌYÁ ỌMỌ?

Kíkà: Ẹ́kísódù 2:1-10

Ṣé ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọbìnrin Fáráò ṣèlérí owó fún ìyá Mósè, kó lè tọ́ ọmọ tirẹ̀ gan-an? Ọlọ́run tó dá ọmọ sí kò gbàgbé oúnjẹ ìyá.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún obìnrin tó ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́ ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ìdajì owó-oṣù, ó kéré tán. Tó bá kàn yín, ẹ béèrè fún un.

Ṣùgbọ́n ìyá tó ń yan gàrí ní Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Àrà, ta ni ọ̀gá rẹ̀? Tí kò bá yan, kò jẹ. Ìyẹn ló ń lé ẹlòmíì padà sídìí iná kí ìdodo ọmọ tó jinná.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ san án. Láti oṣù kẹta oyún, ẹ dá àjọ: ₦1,000 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 24, ó di ₦24,000. Ìgbàgbọ́ ò ní ká má ṣètò. Ìyá Mósè fi ọ̀dà rẹ́ apẹ̀rẹ̀ kó tó gbé e sétí odò.

Àdúrà: Olúwa, kọ́ wa láti pèsè de ọmọ tí O fi ń ta wá lọ́rẹ, kí ìyá lè sinmi. Àmín.