Ìṣọ̀kan Àwọn Ọmọ Kìnnìún
Bíbélì kíkà: Gẹnẹsisi 34; 49:5–7; Joṣua 19:1–9

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kìnnìún tí ọ̀pọ̀ nínú wa rí ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tí a há mọ́ ọgbà ẹranko Yunifásítì ni. Ti inú igbó ni kí a rò lónìí, irú àwọn díẹ̀ tí ó kù ní Kainji àti Yankari.

Bí akọ ọmọ kìnnìún bá tó ọdún 2 sí 3, àwọn àgbà akọ a lé e kúrò nínú agbo. Òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ a jọ máa rìn kiri lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ebi a pa wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í fi ara wọn sílẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 4 sí 5, tí irun ọrùn wọn ti kún, wọn a jọ kọlu àwọn tí ó ni agbo mìíràn, wọn a sì gba ilẹ̀ náà. Ẹni tí ó dá wà kì í sábà rí ilẹ̀ gbà.

Títí dé ìhín, ó dàbí ìwàásù lórí ìfẹ́ ará! Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́gun, wọn a máa pa àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀, kí àwọn ìyá lè tètè bímọ fún wọn. Lẹ́yìn ọdún bí 2 sí 3, àwọn ọ̀dọ́ mìíràn a sì lé àwọn náà.

A kò lè dá kìnnìún lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ìṣọ̀kan dára kìkì nítorí pé ó jẹ́ ìṣọ̀kan?

Ẹ wo Simeoni àti Lefi, ọmọ ìyá kan náà. Ẹ̀sùn wọn kì í ṣe irọ́: a ba Dina arábìnrin wọn jẹ́. Wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan, wọ́n pa gbogbo ọkùnrin Ṣekemu. Nígbà tí Jakobu ń kú lọ, kò yìn wọ́n fún ìfẹ́ ará. Ó ní a ó tú wọn ká ni. Ìpín Simeoni bọ́ sínú ti Juda, Lefi kò sì ní ilẹ̀ tirẹ̀. (Bí Ọlọ́run ti sọ ti Lefi di ìbùkún, ẹ̀kọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ilé-Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kò gbọdọ̀ ka èyí sí ìtàn òkèèrè. Ní 1981, àti láti 1997 títí di 2000, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ìhà méjèèjì kó ara wọn jọ nítorí ọ̀ràn ilẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Ìhà kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀sùn tí àwọn bàbá wọn sọ fún wọn. Ilé jóná, oko di igbó, àwọn tí kò mọ ìdí ìjà sì bá a lọ.

Ẹ̀yin òbí tí ó wà ní kíláàsì yìí, bí ọmọkùnrin yín bá wọlé lálẹ́ tí ó wí pé òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun ti fi ohùn ṣọ̀kan, kí ni ẹ ó kọ́kọ́ bi í?