Ohun Tó Ń Lù Lábẹ́ Àyà

Àgbàlagbà kan lè béèrè ìrọ̀rí kejì lóru, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé má fura. Ó tún ṣe díẹ̀, ó béèrè ìkẹta. Nígbà tó yá, ó kúkú fi ibùsùn sílẹ̀, ó ń sùn lórí àga, ó fẹ̀yìn ti tìmùtìmù, ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé. "Ara àgbà ni," la máa ń wí, a sì ń bá tiwa lọ.

Omi ni. Omi tó ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀, tó mú kí bàtà há, tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀ náà, ojú ibẹ̀ á jìn, kò sì ní tètè kún padà. Bó bá ti dùbúlẹ̀, omi yẹn á gòkè wá bá ẹ̀dọ̀fóró. Ọkàn rẹ̀ kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ṣì ń lù, àmọ́ kò lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ mọ́, èyí tí kò bá sì lè tì, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kóra jọ sí. Àìlera ọkàn nìyẹn.

Ẹran kékeré ni ọkàn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù ọwọ́ lọ. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù kí ọ̀pọ̀ ìyá tó mọ̀ pé àwọn lóyún, kò sì sinmi láti ìgbà náà, nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́. Ta ló rán an níṣẹ́? Èmi kọ́. Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo ń gbọ́ ọ, kò sì bìkítà bóyá mò ń gbọ́.

Ní ìlú Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts l'Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń tọpasẹ̀ ìlera àwọn ará ìlú láti ọdún 1948, wọ́n rí i pé nínú ẹni márùn-ún tó bá pé ogójì ọdún, ọ̀kan ni àìlera ọkàn yìí máa bá kó tó kú. Mo ń wo àwọn tó jókòó pọ̀ sórí bẹ́ǹṣì kan níbi ìkómọ, wọ́n ń jẹun, ojú mi ń lọ láti orí ẹnì kan sí èkejì. Kò sí àmì kankan. Ó ti ju 60 mílíọ̀nù èèyàn lọ káàkiri ayé tó ń bá a gbé, bí dókítà bá sì ti sọ fún ẹni méjì pé òun ló ń ṣe wọ́n, ọdún márùn-ún kì í sábà kọjá kí ó tó ku ẹnì kan. Jẹjẹrẹ mìíràn kò yára pani tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la fi ń dárúkọ jẹjẹrẹ.

Ohun tó wá ṣe mí ní kàyéfì ni pé oore ló bí apá kan nínú àìlera ọkàn yìí. Ẹ̀mí gígùn la ń tọrọ, àdúrà náà sì ti gbà lọ́pọ̀ ilẹ̀. Ìgbóná ti lọ, ibà kò pa ẹni yìí, ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́ kò pa á, ó di ẹni àádọ́rin ọdún, ó di ọgọ́rin. Gbogbo ọdún tí a rí gbà yẹn, ọkàn kan náà ló ń gbé e, ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ó lè gbé e.

Àmọ́ àìlera náà kì í dúró de ọjọ́ ogbó níbi gbogbo. Nígbà tí àwọn dókítà l'Abẹ́òkúta ka àwọn aláìsàn tó ní in, ọjọ́ orí wọn ní ìpíndọ́gba kò tó 60, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì fà á fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ara àgbà kọ́ nìyẹn. Èèyàn tó ṣì ń sanwó ilé-ìwé ọmọ ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Ó lè wà lára fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí iṣan ọkàn máa ki sí i, kí ó máa le sí i, lórí iṣẹ́ tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù. Èyí ń dà mí láàmú ju ikú fúnra rẹ̀ lọ: pé ohun kan lè máa jìyà nínú mi nítorí mi, kí n máa jẹun, kí n máa rẹ́rìn-ín, kí n má sì gbúròó ìyà rẹ̀ rárá.