Ta Ni Ká Bá Wí?

Ní ìparí ọdún 2014, àṣírí kan tú ní yunifásítì Dalhousie, ní Halifax, ilẹ̀ Kánádà. Ọkùnrin 13 tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà eyín, tí wọ́n ti dé ọdún kẹrin, ní ẹgbẹ́ kan lórí Facebook. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi àwọn obìnrin kíláàsì wọn ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ dìbò lórí èyí tí wọn ìbá fi ìkórìíra bá sùn. Wọ́n tún ń fi oògùn akunilóorun ṣàwàdà. Dókítà eyín ọ̀la o!

Ọ̀kan nínú wọn ló fi ọ̀rọ̀ náà han obìnrin kan ní kíláàsì. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n dá wọn dúró níbi ìtọ́jú aláìsàn, tòun tiwọn ni.

Àwọn kan ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Èmi ò lè tètè gbà, ó ṣáà ti wà níbẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Àmọ́ bí a bá nà án bí a ti na àwọn yòókù, ta ni yóò tún lanu lọ́la?

Nígbà tí mo wà níléèwé, tíṣà wa kan máa ń bú ọmọbìnrin kan lójú gbogbo wa. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí mo fi jáde. Ọkùnrin tí mo fẹ́ dá lẹ́jọ́ yìí ṣáà sọ tirẹ̀.