Bí Ìṣirò Ẹ̀rọ Bá Kùnà, Ta Ni Yóò Ru Ẹ̀bi?

Nínú gbogbo ohun tí ọmọ ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe, díẹ̀ ni ó gba ìfọkàntán tó ilé. Ẹni tí ó bá wọ inú ilé sùn ti fi ẹ̀mí rẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn. Kò mọ bí irin inú ògiri ti nípọn tó, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń po sìmẹ́ńtì. Ohun tí ó gbẹ́kẹ̀ lé ni pé ẹnì kan ti rò ó dáadáa, àti pé ẹnì kan wà tí a lè pè lẹ́jọ́ bí ilé náà bá ṣubú. Ní òde òní, ẹ̀rọ ti ń bá wa rò ó. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: ẹ̀rọ tí ó bá wa rò ó, ṣé yóò bá wa ru ẹ̀bi rẹ̀ pẹ̀lú?

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ilé àti àwọn ẹnjinníà ti ń fi kọ̀ǹpútà dán ilé wò kí wọ́n tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Wọn a sọ fún kọ̀ǹpútà bí ògiri yóò ti nípọn tó, ibi tí fèrèsé yóò kọjú sí, iye ènìyàn tí yóò máa gbé inú ilé náà, àti bí oòrùn ti ń ràn ní ìlú náà. Kọ̀ǹpútà a sì ṣírò ooru inú yàrá kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wákàtí 8,760 tí ó wà nínú ọdún kan. EnergyPlus, tí ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára gbé jáde ní ọdún 2001, jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Òfin ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì nípa ooru àti afẹ́fẹ́ ni ó ń tẹ̀ lé. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà lè tọ ẹsẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá gba ọ̀nà mìíràn. A ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú ìṣirò bẹ́ẹ̀, tàbí àkọsílẹ̀ nípa ilé tí ó ti wà tẹ́lẹ̀, síwájú rẹ̀, yóò sì kọ́ bí ìdáhùn ti máa ń bá ìbéèrè mu. Nígbà tí a bá gbé ilé tuntun wá, kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣírò láti ìbẹ̀rẹ̀. Yóò méfò ìdáhùn ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí pé ó ti rí ohun tí ó jọ ọ́ rí. Ẹ̀yin olùkọ́ mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀: ó kọ ìdáhùn tí ó tọ̀nà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ hàn.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí pẹ̀gàn rẹ̀. Iṣẹ́ tí ìbá gba ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó lè parí rẹ̀ kí omi tó hó. Ó lè fi ẹgbẹ̀rún ọ̀nà tí a lè gbà yí fèrèsé padà tàbí tí a lè gbà fa etí òrùlé gùn wé ara wọn, kí ó sì tọ́ka sí èyí tí yóò mú ilé tutù láìlo ẹ̀rọ amúlétutù. Ní ayé tí ooru ń pọ̀ sí i yìí, ẹni tí ó bá fi ìgbéraga lásán kọ irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ yóò dáhùn fún òógùn àwọn tí ó bá gbé inú ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìrírí ni àkísà náà. Ẹnì kan lè jiyàn pé ẹ̀rọ yìí ti borí òwe, nítorí pé kò sí àgbà kan tí ó rí iye ilé tí ẹ̀rọ rí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkísà tí a kó fún un ni, kì í ṣe èyí tí ó gbó mọ́ ọn lára. Ooru kò mú un rí. Ohun tí a kò bá sì kó mọ́ àkísà náà, kò lè mọ̀ pé ó wà. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ilé tí iná mànàmáná kì í kú níbẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ máa ń wà ní títì, ni a fi kọ́ ọ. Bí a bá wá bi í léèrè nípa ilé kan ní Ìbàdàn, níbi tí iná ti ń lọ ní ọ̀gànjọ́ òru, tí baálé ilé ń ṣí fèrèsé kí atẹ́gùn lè wọlé, tí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì tún mú kí ó tì í, ẹ̀rọ náà kò ní sọ pé òun kò dé ibẹ̀ rí, àfi bí ẹni tí ó ṣe é bá ti kọ́ ọ láti máa fi iyèméjì hàn. Àgbà tí kò mọ̀ a máa mi orí; ẹ̀rọ yóò fúnni ní nọ́ńbà tí ó gún régé.

Ewu inú irú ìdánilójú bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ọgbọ́n àtọwọ́dá tó wọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni a ti rí àpẹẹrẹ rẹ̀ ní ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ṣe ìṣirò òrùlé onírin tí ó bo gbọ̀ngàn ìṣeré ńlá kan níbẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, àwọn alábòójútó wọn òrùlé náà, wọ́n sì rí i pé ó tẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí kọ̀ǹpútà sọ. Wọ́n fi tó àwọn ẹnjinníà létí. Èsì tí wọ́n gbà ni pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ju ohun tí a lè retí lọ. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ọjọ́ 18, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1978, òrùlé náà já lulẹ̀ lábẹ́ yìnyín. Ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú, nǹkan bí 5,000 ènìyàn ni ó jókòó lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń wo eré bọ́ọ̀lù aláagbọ̀n. Orí ni ó yọ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ìwádìí fi hàn pé ìṣirò náà gbà pé a ti di àwọn ọ̀pá irin kan mú ṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni a kò dì wọ́n mú tó bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́.

Kọ̀ǹpútà náà kò purọ́. Ohun tí a sọ fún un ni ó ṣírò. Ènìyàn ni ó gbọ́ pé irin ti tẹ̀, tí ó sì gba ìwé gbọ́ ju ojú lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni Yorùbá ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ẹnì kan lè béèrè pé: ṣé ènìyàn kì í ṣìnà ni? Ó ń ṣìnà púpọ̀. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé àṣìṣe ẹ̀rọ yóò kéré sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iye àṣìṣe nìkan ni a fi ń díwọ̀n ìwà. Nígbà tí ènìyàn bá ṣìnà, ojú a tì í. A tọrọ ìdáríjì, a san owó ìtanràn. Oorun a sì dá lójú rẹ̀ ní òru nígbà tí ó bá rántí ilé mìíràn tí ó kọ́ bákan náà, yóò sì dìde lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀rọ kò ní ojú tí ó lè tì í. Nítorí náà, bí a bá sọ pé ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi, ohun tí a ń wí ni pé ẹnikẹ́ni kò jẹ̀bi.

Níbo wá ni ẹ̀bi wà? Lójú tèmi, ọrùn ẹni tí ó buwọ́ lu àwòrán ilé ni ó wà, kò sì lè sọ ọ́ kalẹ̀. Bí ó bá lo ẹ̀rọ, ó di dandan kí ó mọ irú ilé tí a fi kọ́ ẹ̀rọ náà. Níbi tí ẹ̀mí bá rọ̀ mọ́ ọn, kí ó fi ìṣirò tí ó ṣeé tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ ìdáhùn ẹ̀rọ wò. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn bá sì ti kó wọ ilé náà, kí ó padà lọ bi wọ́n léèrè bí ara ti rí fún wọn níbẹ̀. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó rọrùn jù láti gbàgbé, nítorí pé owó iṣẹ́ ti wọlé, iṣẹ́ mìíràn sì ti ń dúró. Síbẹ̀, ayálégbé tí ó sọ pé yàrá òun gbóná mọ ohun kan tí ẹ̀rọ kò mọ̀. Bí ìwé bá ní yàrá tutù, tí òógùn sì ń já lára ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ìwé ni kí a tún ṣe.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. A lè fi ẹ̀rọ kún ojú wa, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi í rọ́pò rẹ̀. Alákàn tí ó bá yá ojú ẹlòmíràn lò kò yá orí mọ́ ọn. Bí ojú àyálò náà bá kùnà, orí tirẹ̀ ni yóò fọ́.